Orúkọ fún Ọjà, Iye fún Ìkòkò

Abala kìíní ìwé òfin ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, èyí tí wọ́n kéde ní ọjọ́ 11 oṣù Kejìlá ọdún 1990, sọ bí àsíá wa ṣe gbọ́dọ̀ rí. Ọ̀já aláwọ̀ ewé ni yóò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó, láti òkè délẹ̀, yóò sì gba ìdá méjì nínú márùn-ún gígùn àsíá náà. Ọ̀já méjì tó dọ́gba ni yóò gba ìyókù, yẹ́lò lókè, pupa nísàlẹ̀. Ẹ wo bí òfin ti ṣọ́ra tó lórí gígùn: ìdá méjì nínú márùn-ún, kò gbọdọ̀ lé, kò gbọdọ̀ dín. Ṣùgbọ́n nígbà tó kan àwọ̀, orúkọ lásán ló fún wa. Ewé wo? Ewé ẹ̀gẹ́ ni àbí ewé kajú? Òfin dákẹ́.

Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ kò jọ tèmi lè ka èyí sí àwàdà. Mo ní ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé kékeré kan ní Bantè, létí títì tó ti Savalou wá tó ń lọ sí Bassila. Ìwé ètò ìsìnkú, káàdì ìgbéyàwó, pátákó ẹgbẹ́ àwọn olóko kajú, gbogbo rẹ̀ là ń ṣe. Bí ọjọ́ kìíní oṣù Kẹjọ bá ń bọ̀, àsíá ni. Bí ọjọ́ 15 oṣù kan náà bá ń bọ̀, ọdún iṣu Savalou ni, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan á sì mú àwọ̀ aṣọ tirẹ̀ wá pé kí á fi tẹ àmì fún àwọn. Oníbàárà á dúró sẹ́yìn mi, á ní, "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ kó pọ́n díẹ̀ sí i." Màá pa nọ́ńbà méjì rẹ́, màá kọ méjì mìíràn, á ní, "Ẹ̀hẹn, ó ti dáa báyìí." Inú Vim ni mo ti ń kọ ọ́, ètò ìkọ̀wé tí kò ní ẹ̀ṣọ́ kankan lára, torí pé àwòrán SVG tí mò ń yà kò ju ọ̀rọ̀ àti nọ́ńbà lọ.

Àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi gbà pé àwọn oníkọ̀ǹpútà ló kọ́kọ́ fi iye sọ àwọ̀. Mo máa ń bá wọn jiyàn lórí rẹ̀, torí pé agbo ilé aláró ni wọ́n ti tọ́ mi.

Ìyá àgbà mi kò mọ̀wé. Apá Gouka ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ aró. Ewé èlú ni wọ́n máa ń gún, wọ́n á ṣù ú, wọ́n á sá a sóòrùn títí yóò fi gbẹ. Lẹ́yìn náà, wọ́n á jó igi, wọ́n á kó eérú rẹ̀ sínú ìkòkò tí ìdí rẹ̀ lu, wọ́n á da omi lé e, omi eérú á sì máa kán sínú ìkòkò tó wà nísàlẹ̀. Omi yìí ni wọ́n ń rẹ èlú sí fún ọjọ́ mélòó kan, títí yóò fi kan, tí òórùn rẹ̀ á gba gbogbo agbo ilé. Aṣọ funfun tí wọ́n bá rì sínú ìkòkò yẹn kì í dúdú nígbà tó bá kọ́kọ́ jáde. Àwọ̀ ewé tó ti ń pọ́n ló máa ń ní. Atẹ́gùn ló ń sọ ọ́ di aró, lójú gbogbo wa, láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Gbogbo ọmọdé ilé wa ló ti dúró wò ó, kò sì sú ẹnikẹ́ni rí.

Bí aṣọ bá wọ ìkòkò lẹ́ẹ̀kan péré, àwọ̀ rẹ̀ á ṣì fúyẹ́. Wọ́n á sá a, wọ́n á tún rì í. Oníbàárà tó ti ọjà wá á ní ayìnrín lòun fẹ́, òmíràn á ní ẹtù, ẹlòmíràn á ní kó dúdú débi tí kò ní ku nǹkan kan. Orúkọ ni àwọn oníbàárà ń sọ. Ṣùgbọ́n tí ìyá àgbà bá kọjú sí àwọn tó ń bá wọn rẹ aṣọ, wọn kì í pe orúkọ kankan. "Ẹ rì í lẹ́ẹ̀mẹ́ta." "Ti ìyàwó Agoua yẹn, ẹ̀ẹ̀mẹ́jọ." Orúkọ wà fún ọjà, iye wà fún ìkòkò.

Iye náà kò sì dúró lójú kan. Ìkòkò tuntun lágbára, ìkòkò tó ti ń rẹ̀ á fẹ́ kí a rì í lẹ́ẹ̀mẹ́fà kó tó ṣe iṣẹ́ ẹ̀ẹ̀mẹ́ta. Ẹni tí kò bá mọ irú ìkòkò tí wọ́n ń lò, iye tó gbọ́ kò lè ṣe nǹkan kan fún un. Ibẹ̀ ni èmi ti ń wo gbogbo ìtàn nọ́ńbà àwọ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá ti sọ iye, mo máa ń béèrè ìkòkò.

Àwọn ará Jámánì gbìyànjú láti mú ìkòkò kúrò nínú ọ̀rọ̀ náà. Adolf von Baeyer ló wádìí bí èròjà aró ṣe so pọ̀, ó parí rẹ̀ ní 1883, ó sì gba ẹ̀bùn Nobel ní 1905. Ní 1897, ilé iṣẹ́ BASF gbé aró tí kò ti inú ewé wá sọ́jà: ìyẹ̀fun tí àwọ̀ rẹ̀ kì í yàtọ̀ láti agolo dé agolo. Nígbà tí sódà tó mú ṣáṣá tún dé, ẹnikẹ́ni kò ní láti jó igi kó tó rí omi eérú mọ́. Ní Abẹ́òkúta ọ̀rọ̀ yìí di ìjà gidi láàárín ọdún 1930 sí 1939. Àwọn tó ń ra àdìrẹ ń ráhùn pé aṣọ ń ṣí, pé ó ń gbó kíákíá. Aláké Adémọ́lá Kejì fòfin de aró òyìnbó àti sódà, àwọn ìyá aláró sì dìde, wọ́n ní òfin yẹn yóò gba oúnjẹ lẹ́nu àwọn. Mo mọ ẹ̀yìn ẹni tí mo wà nínú ìjà yẹn, ẹ̀yìn àwọn ìyá ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìyá àgbà mi kì bá tí gbà pẹ̀lú mi. Ẹni tó bá ti jó igi lójoojúmọ́ fún ọdún gbọọrọ ló lè sọ bí agolo sódà ṣe rọrùn tó.

Wọ́n tún fún aró ní nọ́ńbà. Ẹgbẹ́ àwọn aláró kan ní Bradford, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló ṣe ìwé Colour Index, tí ẹ̀dà rẹ̀ àkọ́kọ́ parí ní 1925, tí wọ́n fi ń pín nọ́ńbà fún èròjà kọ̀ọ̀kan tó ń pa aṣọ láró. Nínú rẹ̀ lónìí, aró ìyẹ̀fun ni 73000, aró tó ti inú ewé wá ni 75780. Èròjà kan náà ni wọ́n. Àwọn tó kọ ìwé náà kò gbàgbé láti béèrè ìkòkò.

Àwọn Faransé tó wá jọba lé wa lórí ní ìtàn tiwọn. Ní 1824, wọ́n fi Michel-Eugène Chevreul, onímọ̀ kẹ́mísìrì, ṣe olórí ẹ̀ka aró ní Gobelins, ilé ìhunṣọ ìjọba ní Paris. Wọ́n fẹjọ́ òwú dúdú sùn ún pé kò dúdú tó. Ó yẹ òwú náà wò títí, kò rí àbùkù kankan. Àwọ̀ tí wọ́n hun sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ló ń mú kó dà bí ẹni pé ó ṣá. Ó fi èyí ṣe ìwé ńlá ní 1839. Ó tún kọ òmíràn ní 1861, lórí bí a ṣe lè sọ àwọ̀ kí ó má sì di àríyànjiyàn: obìrípo kan tí ó pín sí ọ̀nà 72, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní ìpele láti ibi tó fúyẹ́ jù dé ibi tó dúdú jù. Bàbá yìí gbé ayé ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ. Nígbà tí ọmọ Yorùbá bá fẹ́ mú àwọ̀ dání, agbe, àlùkò àti lékeléke ló ń tọ́ka sí, ẹyẹ mẹ́ta tí gbogbo wa mọ̀. Chevreul ní tirẹ̀ fẹ́ ohun tí ẹni tí kò rí ẹyẹ náà rí lè lò.

Nọ́ńbà òwú ló kọ́kọ́ dé ọwọ́ tèmi, kí ti kọ̀ǹpútà tó dé. Nígbà ọ̀dọ́ mi, mo kọ́ iṣẹ́ ọnà abẹ́rẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá kan ní ọjà Savalou, tí wọ́n ń ṣe ọnà sí ọrùn agbádá. Òwú DMC ni wọ́n ń lò, láti ilé iṣẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Mulhouse ní 1746. Nọ́ńbà wà lára ìdì kọ̀ọ̀kan: 310 ni dúdú, 321 ni pupa. Funfun kò ní nọ́ńbà, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n kọ sí i lára, Blanc, bí ìgbà tí ẹni tó ń pín nọ́ńbà náà rò pé kò sí ẹni tí kò mọ funfun. Ọmọ Maxi ni ọ̀gá mi, wọn kò gbọ́ Yorùbá dáadáa. Ìṣà tí à ń sọ ní Bantè lèmi mọ̀, n kò tíì gbọ́ Maxi. Láàárín àwa méjèèjì, 321 ni 321. Ní gbogbo ìgbà tí mo lò lọ́dọ̀ wọn, a kò jà lórí pupa lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, àfi tí oníbàárà bá dá sí i.

(Òdìkejì èyí ni ti áńkárá. Àwọn Vlisco ní Helmond, tí wọ́n wà láti 1846, ń fún àrà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà, àwọn ìyá aláṣọ ní Lomé sì ń sọ ọ́ lórúkọ. Orúkọ tí wọ́n bá fún un ló ń tà á, kò sí obìnrin tó ń fi nọ́ńbà ra aṣọ ọdún.)

Ní 1861 kan náà tí ìwé Chevreul kejì jáde, James Clerk Maxwell fi àwòrán ribọ́ọ̀nù kan hàn ní London. Wọ́n ti yà á fún un lẹ́ẹ̀mẹ́ta, nínú gíláàsì pupa, ti ewé àti ti aró, ó sì tan ìmọ́lẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lé ara wọn, àwọ̀ ribọ́ọ̀nù náà sì yọ. Orí iṣẹ́ yẹn ni ojú kọ̀ǹpútà dúró sí. Àwọ̀ kọ̀ọ̀kan jẹ́ iye mẹ́ta: pupa mélòó, ewé mélòó, aró mélòó. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń lọ láti 0 dé 255, ìyẹn ìpele 256. Mẹ́rìndínlógún-mẹ́rìndínlógún ni a fi ń kọ ọ́ fún kọ̀ǹpútà, 0 dé 9, lẹ́yìn náà A dé F, àmì méjì-méjì fún iye kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá mọ Ifá, tí àwọn Maxi ń pè ní Fá, kò ní pẹ́ lóye rẹ̀: ojú 16 lápá ọ̀tún, 16 lápá òsì, odù 256 ni àpapọ̀ wọn. Mo ṣàlàyé rẹ̀ fún babaláwo kan ní Tchetti. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Kí wá ni tuntun níbẹ̀?" Nígbà tí mo sọ fún un pé tí a bá da mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, ó di àwọ̀ 16,777,216, ó ní ìyẹn ti pọ̀ ju ohun tí ọmọ ènìyàn lè rúbọ sí lọ.

Ohun tó ya àwọn aláró lẹ́nu jù ni bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń pò pọ̀. Bí ẹ bá da osùn lu aró, òkùnkùn ni yóò kẹ́yìn rẹ̀. Lójú kọ̀ǹpútà, pupa pẹ̀lú ewé ló ń bí yẹ́lò. Iye tí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ya àsíá Bẹ̀nẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì ń lò ni #008751 fún ewé, #FCD116 fún yẹ́lò, #E8112D fún pupa. Ẹ tú yẹ́lò yẹn wò: pupa 252, ewé 209, aró 22. Pupa àti ewé, orúkọ àwọ̀ méjì tó kù lára àsíá, ló fẹ́rẹ̀ẹ́ dá a ṣe. N kò rò pé àwọn tó fọwọ́ sí àsíá náà ní ọjọ́ 16 oṣù Kọkànlá ọdún 1959, nígbà tí a ṣì ń jẹ́ Dahomey, ro ìyẹn. Wọ́n tilẹ̀ ká a kúrò fún ọdún bíi mélòó kan: láti 1975, lábẹ́ Ààrẹ Kérékou, àsíá aláwọ̀ ewé tó ní ìràwọ̀ pupa kan ni a ń ta, kí ti àtijọ́ tó padà ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹjọ ọdún 1990.

Àwọn tó ṣe kọ̀ǹpútà kò lè fi nọ́ńbà nìkan gbé ayé, wọ́n tún padà sí orúkọ. Inú ètò X Window System, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní MIT ní Amẹ́ríkà ní 1984, ni fáìlì kan wà tó ń jẹ́ rgb.txt. Ìlà kọ̀ọ̀kan ní iye mẹ́ta àti orúkọ kan. Nígbà tí àkójọ náà gbòòrò, tó jáde ní 1989, Paul Raveling mú àwọ̀ tirẹ̀ láti inú àwọ̀ ọ̀dà Sinclair, John C. Thomas sì mú tirẹ̀ láti inú páálí kéréyọ́ọ̀nù Crayola 72 tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọwọ́ ènìyàn díẹ̀ báyìí ni orúkọ tí gbogbo ayé ń lò ti jáde wá. Títí dòní, bí mo bá kọ papayawhip sínú Vim tàbí Emacs, ètò ìkọ̀wé mìíràn, wọ́n á fún mi ní #FFEFD5, àwọ̀ bí ògì tí wọ́n fi omi là. Ìbẹ́pẹ wa kò rí bẹ́ẹ̀ láé.

Èyí ṣì kéré. Àwọn tó ṣe HTML 3.2, èdè tí wọ́n fi ń kọ ojú-ìwé íntánẹ́ẹ̀tì, ní 1997 yan orúkọ 16 láti inú ìlà mìíràn, ti àwọn kọ̀ǹpútà tó ń lo Windows. Lọ́dọ̀ tiwọn, green ni #008000. Lọ́dọ̀ X, green ni #00FF00, ewé tó ń tàn tí ojú kò lè wò pẹ́. Bí ọmọ méjì nínú ṣọ́ọ̀bù mi bá kọ green, tí ọ̀kan wà nínú Emacs, tí èkejì wà lórí ojú-ìwé íntánẹ́ẹ̀tì, àsíá méjì ni wọn yóò yà. Nígbà tí wọ́n da àkójọ méjèèjì pọ̀ sínú SVG ní 2001, wọ́n fi gray ti HTML sílẹ̀ ní #808080, wọ́n sì gba darkgray ti X wọlé ní #A9A9A9. Bí a ṣe ní eérú dúdú tó fúyẹ́ ju eérú lọ nìyẹn. Kò sí ẹni tó tún un ṣe, torí pé ojú-ìwé tí yóò bàjẹ́ á ti pọ̀ jù.

Èyí tó dùn mí jù ni indigo. Mo kọ ọ́ sínú fáìlì pẹ̀lú ayọ̀, mo ń retí ìkòkò ìyá àgbà mi. #4B0082 ló jáde: pupa 75, ewé 0, aró 130. Elése àlùkò gbáà! Aṣọ tí aláró bá rẹ tó jáde báyìí, wọ́n á ní ìkòkò ti bàjẹ́. Newton ló kó indigo mọ́ àwọ̀ méje inú òṣùmàrè, láàárín aró àti elése àlùkò, àwọn tó ń ya nǹkan lórí kọ̀ǹpútà sì tì í lọ sápá ibi tó wù wọ́n. Ohun tó sún mọ́ ẹtù ni midnightblue, #191970.

Orúkọ kan wà nínú àkójọ náà tí n kì í bá jà. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2014, Rebecca, ọmọ Eric Meyer, ẹni tí àwọn oníṣẹ́ CSS, èdè tí wọ́n fi ń ṣe ojú-ìwé íntánẹ́ẹ̀tì lọ́ṣọ̀ọ́, mọ̀ ní gbogbo ayé, kú lọ́jọ́ tó pé ọmọ ọdún mẹ́fà. Àwọ̀ elése àlùkò ló fẹ́ràn. Wọ́n fẹ́ fi orúkọ rẹ̀ pe #663399, wọ́n kọ́kọ́ ní beccapurple. Bàbá rẹ̀ ní rárá: ọmọ náà ti sọ pé òun yóò di àgbà lọ́jọ́ tí òun bá pé mẹ́fà, kí wọ́n má pe òun ní Becca mọ́. Ó sì pé mẹ́fà, fún wákàtí bíi méjìlá. rebeccapurple ni wọ́n kọ.

Ìkòkò ńkọ́? Wọ́n wá a rí ní 1996. HP àti Microsoft jókòó, wọ́n fohùn ṣọ̀kan lórí sRGB, tó sọ irú pupa, irú ewé àti irú aró tí iye kọ̀ọ̀kan ń tọ́ka sí, ó sì di ìlànà àgbáyé ní 1999. Ṣáájú rẹ̀, iye kan náà lè jáde ní ọ̀nà mẹ́rin lójú kọ̀ǹpútà mẹ́rin. Síbẹ̀, fóònù oníbàárà mi tó ti lò fún ọdún márùn-ún, tí ojú rẹ̀ ti sán, kì í ṣe ìkòkò kan náà pẹ̀lú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé mi tó ń fi yíǹkì ṣiṣẹ́. Nítorí náà, mo máa ń tẹ ẹyọ kan fún un kó mú lọ sóòrùn, kó tó sanwó. Òótọ́ ni pé Chevreul ì bá tún ní kí n béèrè aṣọ tí yóò wọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Láti 2021, Vim gbà kí ènìyàn fi orúkọ tirẹ̀ kún àkójọ náà, sínú ohun tí wọ́n ń pè ní v:colornames. Mo gbé kọ̀ǹpútà alágbèéká mi lọ bá àwọn ìyá aláró díẹ̀ tó kù. Lórí ẹtù, kò sí ìjà: mo sọ midnightblue di dúdú díẹ̀ sí i, wọ́n ní ó tó. Lórí ayìnrín, ìyá kan ní Pira fọwọ́ sí #7FA3C7. Ìyá mìíràn ní Akpassi wò ó, ó ní aṣọ tí wọ́n rì lẹ́ẹ̀kan nínú ìkòkò ọ̀lẹ nìyẹn. Ó ní kí n dín in kù. Mo dín in kù títí ó fi gbà, #5F83AB. Ó wá béèrè pé mélòó ni mo rì í. Mo ní n kò rì í rárá. Ó ní kí n kọ "ẹ̀ẹ̀mejì" sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ẹni tó bá fẹ́ ṣe é lóòótọ́ lè mọ ibi tí yóò dúró. Mo kọ ọ́. Orúkọ ayìnrín méjì ló wà nínú fáìlì náà báyìí, ayinrinpira àti ayinrinakpassi, ẹ̀ẹ̀kan lára ọ̀kan, ẹ̀ẹ̀mejì lára èkejì, àwọn ẹgbẹ́ tó ń bọ̀ fún ọdún iṣu sì ti ń yan láàárín wọn.